Ike Róbótó àti Ọjọ́ Àáró Mẹ́sàn-án

Ìmàsáyí,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ọdún 2025.

Basit ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé òtútù ibẹ̀ kò mú ọ jù? Àwa náà wà níbí. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè wa ń bó, ṣùgbọ́n ìyẹn sàn ju àìsàn lọ. Hùmúàní ìyá rẹ kí ọ. Rodiat àbúrò rẹ ni yóò ya ìwé yìí ní fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ayétòrò, tí yóò fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Mo ti sọ fún un pé kí ó má kà á. Yóò kà á.

O mọ̀ pé etí mi kò gbọ́ fóònù mọ́. Bí o bá sọ̀rọ̀, ìdajì ni mo ń gbọ́, ìdajì yòókù, orí mi ni mo fi ń dí i. Nítorí náà, máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ àáró wa ń lọ. Mo ti fún Akínladé ní ọjọ́ mẹ́ta lóko rẹ̀, mo fún Málọmọ́ ní mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá san mẹ́ta ti Ọmọ́délé. Èrùn ni mo máa ń san tèmi. Igbó ṣíṣán ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí ń sáré. Bí òjò bá wá dé, tí olúkúlùkù ń wá ọwọ́ tí yóò bá a kọ ebè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á san ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà fún mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Akínladé ní alárékérekè ni mí. Mo ní kí òun náà tètè máa jí.

Ọmọ Ọmọ́délé tó wà ní Ítálì ti kan páànù sórí ilé bàbá rẹ̀, páànù pupa, tó ń dán. Ọdún kẹrin rẹ rèé ní ìlú òyìnbó. N kò ní kí o jalè. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni Basit ń ṣe, mo ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ní, iṣẹ́ wo? Màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Fèsì o.
Èmi bàbá rẹ,
Bàrúwà.


Leeds,
Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo kí Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìmúra ààwẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà. Mo rí ìwé yín gbà, mo kà á ní ẹnu iṣẹ́, mo sì tún kà á nílé.

Ẹ má wúkọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí Rodiat fi fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ hàn yín. Ìdíje kan ni mo wọ̀ níbí, ìdíje ọpọlọ. Àwa ọgọ́jọ la bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ òní, àwa mẹ́rìnlélógún ló kù báyìí. Ohun tó wà níwájú mi nínú fọ́tò yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ó lé mẹ́wàá ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀la la óò parí rẹ̀.

Ẹ fi mí sí àdúrà. Ọmọ Ọmọ́délé nìkan kọ́ ló ní ọwọ́.

Ọmọ yín,
Basit.


Ìmàsáyí,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ẹ kú ààwẹ̀ níbẹ̀ o. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa.

Rodiat fúnra rẹ̀ ló gbé fọ́tò náà wá sílé. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Mo mọ owó onírin, ẹ̀bá bọ́dà kúkú ni a ń gbé, a sì ń ná seefa. Ṣùgbọ́n èyí tóbi ju ẹyọ seefa lọ, ó sì ní àwọ̀ pupa, dúdú àti ti ewé. Mo ní báyìí ni owó àwọn ọlọ́ba ṣe máa ń rí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó pọ́n-ùn ó lé mẹ́wàá. Rodiat fẹ́ ṣírò rẹ̀ sí náírà, fóònù rẹ̀ kò fẹ́ dá a lóhùn. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Akínladé, Málọmọ́ àti Ọmọ́délé wá bá mi ní oríta oko, wọ́n ní ọjọ́ Ajé ni àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè mi, kí àwọn lè san gbèsè ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo fi ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jì yín. Alágbàṣe ni yóò kọ ebè mi lọ́dún yìí, ọmọ mi ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀." O kò tíì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wàá sọ ọ́.

Akínladé bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n. Málọmọ́ súre. Ọmọ́délé wo ilẹ̀, èmi náà sì mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń wò, nítorí ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. N kò mọ̀ pé inú mi lè dùn tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ orí yìí.

Alágbàṣe mẹ́wàá tó. Àwọn tó ń ti òdì kejì bọ́dà wá ti ń béèrè iṣẹ́. Tètè fi owó wọn ránṣẹ́ sí Rodiat, òjò kì í dúró de èèyàn.

Bàbá rẹ,
Bàrúwà.


Ìmàsáyí,
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta, ọdún 2025.

Basit,

Mo kí ọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Rodiat ní o ti ka ìwé mi, ó ní àmì búlúù méjì wà lára rẹ̀ tó ń fi hàn pé ojú rẹ ti rí i. Ìpè rẹ̀ o kò gbà. Ìyá rẹ ní bóyá ara rẹ kò yá. Mo ní aláìsàn kì í fi àmì búlúù sílẹ̀ kó má fi ọ̀rọ̀ sí i.

Òjò ti rọ̀ nígbà mẹ́rin. Àgbàdo Akínladé ti yọ ewé méjì. Ilẹ̀ tèmi dùbúlẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ de àlejò tí kò wá. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé ààwẹ̀ kọjá níbẹ̀. Málọmọ́ ti fún mi lórúkọ, Bàbá Pọ́n-ùn. Bó bá ti rí mi, á ní, "Bàbá Pọ́n-ùn, ẹ kú ìnáwó. Àwọn alágbàṣe ń kọ́?" Mo ní wọ́n ń bọ̀. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tí mo ti sọ pé wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu.

Bí o bá ti fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn, sọ fún mi. Bí o bá fẹ́yàwó láìsọ fún wa, sọ fún mi. N kò ní bínú bí mo ṣe ń bínú sí ìdákẹ́jẹ́ yìí. Àbí o rò pé bàbá rẹ yóò jẹ ẹ́ run ni?

Kọ̀wé kí ọdún tó dé.
Bàrúwà.


Leeds,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì dìde. Ẹ kú ọdún. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní kí wọ́n má fòyà, ara mi yá. Ojú ló tì mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí nígbà mélòó kan, mo sì ń fà á ya.

Kì í ṣe owó, Bàbá. Ike ni. Ike róbótó ni gbogbo ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò yẹn, ṣíìpù ni wọ́n ń pè é. Káàdì la ń ta, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pókà. Tẹ́tẹ́ ni. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni olúkúlùkù wa san wọlé, wọ́n sì fún wa ní ike ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Iye tó wà lára rẹ̀, àwọn ló kàn kọ ọ́ sí i. Èèyàn kò lè gbé e lọ síbì kankan pé kí wọ́n bá òun ṣẹ́ ẹ sí owó, kódà nínú ilé tẹ́tẹ́ náà. Kò wúlò fún ohunkóhun ju pé kó jẹ́ kéèyàn ṣì wà ní ìjókòó. Àwọn méjìdínlógún tó bá kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń fún ní owó gidi.

Iye rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Kí wọ́n tó pín káàdì, àwọn méjì nínú wa gbọ́dọ̀ fi ike sílẹ̀ ní tipátipá, a sì ń gbà á yípo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì jẹ́ igba. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún mi lè san án nígbà ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń fi kún un. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún gan-an ni ẹni tó kàn ń fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ike kan náà ni, nọ́ńbà ara rẹ̀ kò yí padà. Ohun tó fún mi ní odidi ọjọ́ kan ní ọjọ́ kìíní kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́.

Nítorí fọ́tò tí mo ti fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀rù bà mí láti ta. Mo jókòó lé irínwó mi bí adìẹ tó ń sàba. Mo rò pé bí mi ò bá ṣe nǹkan kan, kò ní dín. Ó ń dín. Bí káàdì bá ti yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ti lọ. Nígbà tó ku àwa mọ́kàndínlógún, ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ lọ́wọ́ mi. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá jáde ṣáájú mi, mo ti wà lára àwọn tó máa gbowó. Níbi tó dé yẹn, ike téèyàn bá pàdánù wúwo ju èyí tó bá jẹ lọ. Ẹni tó jẹ ìlọ́po méjì kò ní gba ìlọ́po méjì ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pàdánù gbogbo rẹ̀, ilé ló ń lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí káàdì kan, nítorí ara mi kò gbà á mọ́. Èmi ni mo jáde. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe fún mi. Wọ́n ń yọ̀ pé àwọn ti bọ́ sínú ẹ̀bùn.

Bàbá, tẹ́tẹ́ náà ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló burú jù. Nígbà tí mò ń kọ̀wé ọjọ́ yẹn, mo kọ nọ́ńbà, mi ò kọ ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ máa rò. Mo fẹ́ kí ẹ rò ó, fún ọjọ́ kan péré, kí n lè san án padà pẹ̀lú ẹ̀bùn ní ọjọ́ kejì.

Mo lè rí owó alágbàṣe mẹ́ta yọ nínú owó iṣẹ́ mi ní ilé ìkẹ́rùsí lópin oṣù. Ẹ fi kọ èyí tó bá ṣeé kọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Basit.


Ìmàsáyí,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Basit,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Tẹ́tẹ́. Ọmọ tí mo fà lọ́wọ́ lọ ilé kéwú, tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mélòó kan, tó jókòó sídìí káàdì láàárín àwọn tí kò mọ bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ kò fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ tí mo kà á fún un. Èmi bínú débi pé mo bu omi sí ọkọ́ dípò kí n bù ú sínú kẹ́tù. N kò ní purọ́ fún ọ pé ó ti tán nínú mi.

Ní ọjọ́ kejì mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko mi, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ike rẹ yé mi ju bó ṣe yẹ kó yé mi lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ní èrùn, ọjọ́ kan là ń pè é. Ọjọ́ kan lásìkò òjò, ọjọ́ kan náà là ń pè é. Àmọ́ bí mo bá fi ọjọ́ kan ṣòfò ní oṣù kejì, n kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí mo bá fi ọ̀kan ṣòfò báyìí, àgbàdo lọ nìyẹn. Ohun tí mo fi ń rẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jẹ láti ọgbọ̀n ọdún nìyẹn. Mo san án nígbà tó pọ̀ yanturu, mo ń gbà á nígbà tó wọ́n. Lọ́dún yìí, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí n gbà á, mo da gbogbo rẹ̀ nù ní oríta nítorí àwòrán ike. Tá ni nínú àwa méjèèjì ló ta tẹ́tẹ́ tó burú jù?

Ẹyin lohùn. N kò lè lọ bá wọn pé kí wọ́n dá ọjọ́ mi padà, kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú àáró wa. N kò sì lè sọ ìdí tí n kò fi rí alágbàṣe. Mo ti wá ń gba ẹ̀yìn ilé Málọmọ́ lọ sóko, kí ó má baà kí mi.

Má rán owó alágbàṣe kankan. Bí alágbàṣe mẹ́ta bá wọ oko mi, irọ́ náà ti rí ibi dúró sí nìyẹn, a óò sì máa bọ́ ọ títí a óò fi kú. O ní kí n má sọ. Èmi ní kí o sọ ọ́. Kọ ọ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ ara rẹ, kí o má fi ewé bò ó, kí o pe tẹ́tẹ́ ní tẹ́tẹ́. Màá kà á fún wọn fúnra mi, nítorí Málọmọ́ kò mọ̀wé, ojú Akínladé kò sì ríran tó mọ́. Bí kò bá tíì dé kí oṣù yìí tó parí, ilẹ̀ mi yóò wà lófìfo lọ́dún yìí, èmi náà yóò sì máa gba ẹ̀yìn ilé.

Bàrúwà.


Leeds,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Sí ẹ̀yin bàbá mi mẹ́ta, Bàbá Akínladé, Bàbá Málọmọ́ àti Bàbá Ọmọ́délé,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú bàbá mi. Èmi Basit tí ẹ ń gbé gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lọ sóko nígbà tí mo kéré ni mò ń kọ̀wé yìí. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ ọ́, ẹ má bínú.

Fọ́tò tí bàbá mi fi hàn yín, ike ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe owó. Tẹ́tẹ́ ni mo lọ ta, wọ́n fún mi ní ike, iye ara ike náà kò sì ju ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ni ilé tẹ́tẹ́ lọ. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ mi níbí ni pé mò ń di ẹrù sínú páálí ní ilé ìkẹ́rùsí. Mi ò ní owó alágbàṣe mẹ́wàá, mi ò sì ní i rí.

Bàbá mi kò mọ̀ pé ike ni. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n sọ fún yín ní oríta, fọ́tò mi ló sọ ọ́. Ẹ̀bi mi nìkan ni, kò sí ọwọ́ bàbá mi níbẹ̀ rárá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé a kò fi ọjọ́ yẹn jì yín. Ẹ bá bàbá mi kọ ebè. Ẹ̀sín náà, ẹ kó o lé mi lórí. Ọ̀nà mi jìn, mo lè gbé e.

Ọmọ yín,
Basit Bàrúwà.


Ìmàsáyí,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Basit ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ti ń jẹun. Rodiat tẹ ìwé rẹ sórí pépà, ó gbé e wá lánàá. Mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ahéré Akínladé ní ọ̀sán òní, lẹ́yìn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo dúró kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó.

Nígbà tí mo ka tẹ́tẹ́, Málọmọ́ mi orí. Nígbà tí mo ka iṣẹ́ tí ò ń ṣe, Akínladé ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Mo ń kà á lọ, ohùn mi kò yẹ̀. Mo wá dé ibi tí o ti kọ pé ẹ̀bi rẹ nìkan ni, pé kò sí ọwọ́ mi níbẹ̀.

N kò lè kà á. Mo dákẹ́, wọ́n rò pé ojú mi kò rí ìlà náà ni. Mo ká ìwé náà. Mo ní, "Ẹ gbọ́ tèmi náà. Basit kò ní kí n gba alágbàṣe. Kò ní kí n fi ọjọ́ kankan jì yín. Irọ́ tèmi ni. Mo fẹ́ kí Ọmọ́délé rí mi ni."

Ọmọ́délé ló kọ́kọ́ lanu, ó ní ṣé páànù yẹn ló ń dùn mí láti ìgbà yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Basit, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, n kò rí ohun tó le láti sọ bí bẹ́ẹ̀ ni yẹn rí. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Akínladé ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní, "Bàrúwà, ọjọ́ tí a bá fi jì kì í padà. Bí a bá dá a padà nítorí àánú, àáró ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ku ebè lóko mi. Bí o bá wá lọ́la, ọjọ́ tuntun ni."

Mo gbà. Ọjọ́ méjì méjì ni màá kọ́kọ́ fún olúkúlùkù wọn, kí wọ́n tó yà sí oko mi. Ọjọ́ òjò ni màá fi san ọjọ́ òjò, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ kí n ti máa ṣe é láti ọjọ́ yìí wá. Àgbàdo kò ní bá a mọ́ lọ́dún yìí. Ẹ̀gẹ́ nìkan la óò gbìn. N kò sọ èyí kí o lè sunkún. Bó ṣe rí ni mo sọ.

Ìwé rẹ wà lọ́wọ́ Akínladé, ó ní òun yóò tọ́jú rẹ̀. Kí n tó fún un, mo yá bírò Ọmọ́délé, mo sì fa ìlà lé ibi tí n kò kà yẹn lórí. Kì í ṣe òótọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a níbẹ̀ lẹ́yìn mi.

Oko Akínladé ni mo ń lọ lẹ́yìn àsùbáà.

Bàbá rẹ,
Bàrúwà.